Oṣù wo ni kí n mú màmá lọ wo òdòdó ní Kew?

Ìbéèrè yìí wọlé sórí WhatsApp mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹni tó bi mí ń gbé ní Peckham, ní London. Ìyá rẹ̀ wá kí i láti Abẹ́òkúta, ìparí oṣù Karùn-ún ni físà màmá máa tán, wọ́n sì ti rí fọ́tò òdòdó róòsì lórí fóònù ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹni náà sọ pé ọgbà Kew lòun ti yà á. Láti ọjọ́ yẹn ni màmá ti ń sọ pé àwọn ò ní wọ bàálù padà sílé láìdé ibẹ̀. Ọmọ wá fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun ra tíkẹ́ẹ̀tì sí oṣù Kẹta, nígbà tí òun ní ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, àbí kí òun ṣì ní sùúrù.

Mo ní kó ṣì ní sùúrù o. Bí ẹ bá dé ọgbà róòsì Kew ní oṣù Kẹta, igi ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n ti rẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ máa bá níbẹ̀. Ẹ ò ní rí òdòdó kan ṣoṣo lórí wọn. Àwọn ológbà ò ya ọ̀lẹ, ẹni tó ya fọ́tò náà ò sì parọ́. Òdòdó ilẹ̀ olótùútù ní ìgbà tirẹ̀ ni, bí ẹ bá sì ti jẹ́ kó kọjá, ó di àmọ́dún. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tá a wá láti ilé kì í fọkàn sí èyí, torí pé òdòdó tí wọ́n ń gbìn sẹ́nu géètì nílé lè máa tanná láti oṣù Kìíní títí dé ìparí ọdún, kí ẹnikẹ́ni má tilẹ̀ bojú wò ó. Tíkẹ́ẹ̀tì Kew sì rèé, owó gidi ni wọ́n fi ń rà á. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ yìí kó kúnná díẹ̀, kí ẹni tó bá ń lọ mọ ohun tó ń lọ wò, kó sì mọ ìdí tí òdòdó náà fi ń yan oṣù.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ibi tí à ń sọ. Ọgbà Kew wà ní Richmond, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn London, létí odò Thames. Ọdún 1759 ni wọ́n kà sí ọdún tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Augusta, ìyá George Kẹta tó jọba lọ́dún tó tẹ̀ lé e, dá ọgbà ewéko kékeré kan sílẹ̀ sórí ilẹ̀ ààfin. Ní 1840 ló di ti ìjọba. Lónìí ó lé ní 300 éékà, UNESCO sì fi orúkọ rẹ̀ sínú àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2003. Ibi ìgbafẹ́ ni lójú àwa tó ń sanwó wọlé, àmọ́ ibi ìwádìí ni lójú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nínú ilé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà náà ni wọ́n kó ewé gbígbẹ tó tó mílíọ̀nù méje jọ sí, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ bébà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ewé ilẹ̀ Yorùbá wà níbẹ̀, ó pọ̀ jù èèyàn kà lọ.

Ó dáa. Kí ló dé tí òdòdó fi ń dá ìgbà?

Nílẹ̀ wa, òjò àti ọ̀gbẹlẹ̀ ló ń pàṣẹ fún igi. Ẹ wo máńgòrò. Ìgbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, tí ilẹ̀ gbẹ, tí alẹ́ sì tutù, ìgbà yẹn ló máa ń tanná. Kọfí náà ńkọ́? Ẹni tó bá ti ní oko kọfí rí mọ̀ pé lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀, òjò kan péré tó bá rọ̀ dáadáa ti tó láti mú kí gbogbo oko funfun báláú láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Igi náà ti múra sílẹ̀ tipẹ́, òjò ló ń retí kó wá kan ilẹ̀kùn.

Ní London, òjò ń rọ̀ láti January dé December, kò lè jẹ́ àmì fún igi kankan. Ohun méjì tí igi ibẹ̀ ń wò ni òtútù àti gígùn ọ̀sán. Ní Èkó, ọ̀sán tó gùn jù lọ́dún àti èyí tó kúrú jù, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò tó wákàtí kan, èèyàn ò tiẹ̀ ní fura. Ní London, oòrùn ń wà lókè fún ohun tó lé ní wákàtí mẹ́rìndínlógún ní oṣù Kẹfà, àmọ́ ní oṣù Kejìlá, kì í tó wákàtí mẹ́jọ. Ẹni tó bá ti jáde nílé lọ síbi iṣẹ́ nínú òkùnkùn tó sì padà dé nínú òkùnkùn mọ ohun tí mò ń sọ. Ewéko náà mọ̀ ọ́n.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni ti òtútù. Ẹ mú igi cherry, igi tó ń yọ òdòdó aláwọ̀ osùn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ tàbí funfun tí gbogbo ayé ń sáré yà lórí fóònù. Ìrudi tó máa tanná ní oṣù Kẹrin ọdún yìí, ọdún tó kọjá ni igi náà ti ṣe é, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ṣe é tán, ó wé e mọ́ inú èèpo líle, ó sì sùn. Bí ọjọ́ kan bá wá ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kejìlá tí oòrùn ràn, tí afẹ́fẹ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́, ǹjẹ́ kó jí? Bó bá jí, yìnyín oṣù Kìíní máa pa gbogbo òdòdó rẹ̀, kò sì ní só èso lọ́dún náà. Nítorí náà, igi cherry kì í tètè gba ooru gbọ́. Àfi kó kọ́kọ́ ka òtútù, ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀, títí òtútù tó kà á fi pé iye tó ń fẹ́. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni ooru tó lè mú un là. Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá gbé igi cherry lọ gbìn sí Ìbàdàn, ó lè hu ewé o, àmọ́ kò ní tanná bó ṣe yẹ. Òtútù tó fẹ́ kà kò sí níbẹ̀.

Róòsì yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ róòsì tí wọ́n ń gbìn lóde òní kì í fi ìrudi ọdún tó kọjá tanná, orí ẹ̀ka tuntun ni òdòdó wọn ń jókòó sí. Wọ́n rẹ́ igi náà ní oṣù Kejì tàbí oṣù Kẹta, ó tún ẹ̀ka yọ, ẹ̀ka náà gùn, ó hu ewé, ó wá gbé ìrudi sórí. Gbogbo èyí ń gba bí oṣù méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta lábẹ́ oòrùn ìgbà ìrúwé. Ẹ kà á láti oṣù Kẹta, ẹ máa rí i pé oṣù Kẹfà lẹ máa bá ara yín.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọdún ṣe ń lọ ní Kew, mo lè mú yín rìn ín kíá.

Ní oṣù Kejì, nígbà tí igi ṣì wà ní ìhòòhò, crocus á ti máa yọ láàárín koríko, aláwọ̀ àlùkò àti funfun. Lẹ́yìn wọn ni daffodil, tó pọ́n bí ìyeyè. Àwọn òdòdó wọ̀nyí ní ohun kan lábẹ́ ilẹ̀ tó dà bí àlùbọ́sà, inú rẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú oúnjẹ ọdún tó kọjá sí. Wọ́n ń yára jáde kí igi ńlá tó hu ewé, torí bí ewé bá ti bo òkè, ìmọ́lẹ̀ tán nílẹ̀ nìyẹn. Lásìkò kan náà, wọ́n máa ń ṣe àfihàn orchid nínú ilé gíláàsì tí wọ́n ń pè ní Princess of Wales Conservatory. Ti inú ilé nìyẹn ṣá, ẹ̀rọ ló ń mú ibẹ̀ gbóná, kò kan òtútù ìta. Ẹni tí òtútù bá ń bà lẹ́rù lè tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Oṣù Kẹta jẹ́ ti magnolia. Òdòdó ńlá ni, ewé rẹ̀ nípọn bí awọ, ó sì ní ìdí. Ìran magnolia ti wà láyé kí oyin tó wà. Kòkòrò mìíràn tó máa ń họ nǹkan jẹ ló ń bá a gbé àtíkè òdòdó kiri, ẹ ò sì lè fi nǹkan ẹlẹgẹ́ gba irú àlejò bẹ́ẹ̀.

Cherry ń bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù Kẹta, ó sì ń gbóná janjan ní oṣù Kẹrin. Ọ̀nà kan wà ní Kew tí wọ́n ń pè ní Cherry Walk, ẹ̀gbẹ́ ọgbà róòsì ló ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ò lè ṣì í. Àmọ́ ẹ tètè lọ. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni igi kọ̀ọ̀kan ń lò, bí atẹ́gùn ńlá bá sì fẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kan, orí ilẹ̀ lẹ máa bá gbogbo rẹ̀ láàárọ̀. Níwọ̀n bá a ti dárúkọ cherry, ẹ jẹ́ n sọ ìtàn kékeré kan tí mo fẹ́ràn. Ọkùnrin ará England kan tó ń jẹ́ Collingwood Ingram rí igi cherry kan nínú ọgbà ẹnìkan ní Sussex ní 1923. Òdòdó rẹ̀ funfun, ó sì tóbi gan-an. Nígbà tó dé Japan lẹ́yìn náà, ó rí àwòrán irú òdòdó náà, wọ́n sì sọ fún un pé irú igi bẹ́ẹ̀ ti parí ní ilẹ̀ àwọn. Kò parí o, ó wà ní Sussex! Ó gé ẹ̀ka rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn, àmọ́ ẹ̀ka ń gbẹ lójú ọ̀nà. Níkẹyìn, wọ́n ki ẹ̀ka náà bọ inú ọ̀dùnkún kó má bàa gbẹ, wọ́n sì gbé e gba ojú irin Rọ́ṣíà kọjá. Ní 1932, ó débẹ̀ láàyè. Taihaku ni wọ́n ń pe igi náà.

Ìparí oṣù Kẹrin sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ni mo sọ fún ọ̀rẹ́ wa ní Peckham pé kó mú màmá lọ. Bluebell ló wà níbẹ̀ nígbà náà, nínú igbó tó yí ilé kékeré ayaba Charlotte ká, ní ìhà ibi tí èrò kì í sábà dé. Ní 1898 ni ayaba Victoria fi ilẹ̀ yẹn lé aráàlú lọ́wọ́, ó sì ní kí wọ́n jẹ́ kó máa wà bí igbó. Ilẹ̀ máa ń rí búlúù lọ súà lábẹ́ igi, òórùn rẹ̀ kò sì le. Nǹkan bí ìdajì gbogbo bluebell tó wà láyé, Britain ló wà, òfin sì wà tó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wú u nínú igbó lọ tà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa gba ojú ọ̀nà. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ ewé bluebell mọ́lẹ̀, kò ní lè ṣe oúnjẹ tó máa tọ́jú sábẹ́ ilẹ̀ fún àmọ́dún. Èyí tó bá sì hù láti inú irúgbìn ń gba ọdún márùn-ún ó kéré tán kó tó yọ òdòdó. Fọ́tò kan ṣoṣo láàárín òdòdó lè ná igbó náà ní ọdún márùn-ún. Ẹ wò ó kẹ́ ẹ sì ṣèdájọ́.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni rhododendron, nínú àfonífojì tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ ní nǹkan bí 1773. Ẹni tó bá fẹ́ràn òdòdó aláwọ̀ tó ń ké gbajare, ibẹ̀ ni kó lọ.

Róòsì wá kàn.

Ẹ̀yìn Palm House ni ọgbà róòsì wà, ìyẹn ilé gíláàsì ńlá tí wọ́n kọ́ láàárín 1844 sí 1848, tí wọ́n gbin ọ̀pẹ sí. Bí ẹ bá dúró níbẹ̀ ní àárín oṣù Kẹfà, kí oòrùn tó mú, òórùn tó ń bọ̀ kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Òmíràn ń rùn bí ọsàn wẹ́wẹ́, òmíràn bí tíì, òmíràn kì í rùn rárá. Àwọ̀ náà ò lóǹkà. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé irú méjì ló wà nínú wọn tí ìwà wọn yàtọ̀ síra. Irú kan ń tanná lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní oṣù Kẹfà, ó tán. Irú kejì á tanná, á sinmi díẹ̀, á tún tanná, títí di oṣù Kẹsàn-án tàbí oṣù Kẹwàá.

Ibo ni irú kejì yìí ti wá? Láti China. Róòsì ilẹ̀ Europe àtijọ́, àfi ọ̀kan tàbí méjì nínú wọn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń tanná. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọdún 1800 pé, ọkọ̀ òkun bẹ̀rẹ̀ sí í gbé róòsì dé láti China tí kì í sinmi. Àwọn ológbà fi wọ́n bá ti Europe lò pọ̀, ọmọ tí wọ́n bí ló pọ̀ nínú ọgbà lónìí. Lóde òní, àwọn onímọ̀ ti rí ìdí rẹ̀. Jíìnì kan wà nínú róòsì tí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti di òdòdó lọ́wọ́ mú, kó máa sọ fún igi pé ó tó, ewé ló kù kó o hù. Nínú róòsì China, nǹkan kan já wọ àárín jíìnì náà, ó sì bà á jẹ́, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ìgbàkigbà tí ẹ̀ka tuntun bá yọ, òdòdó ló ń gbé. Àbùkù kékeré kan nínú igi ló sọ gbogbo ọgbà di ọlọ́rọ̀.

Láàárín àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí èyí, David Austin, ará England tó kú ní 2018, ni orúkọ rẹ̀ wọ́pọ̀ jù. Ohun tó lé ni kó mú ìrísí àti òórùn róòsì àtijọ́, kó fi kún agbára àtitanná léraléra ti tòde òní. Róòsì rẹ̀ àkọ́kọ́ tó gbé jáde ní 1961 kò tíì ní agbára yẹn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń tanná, àfi ìgbà tó yá kí ọwọ́ rẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́. Ọ̀kan nínú róòsì tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń jẹ́ Kew Gardens, wọ́n gbé e jáde ní 2009 nígbà tí ọgbà náà pé 250 ọdún. Funfun ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ẹ̀gún rárá. Ẹ máa wá a kiri.

Ṣùgbọ́n àtitanná léraléra kì í ṣe ọ̀fẹ́. Òdòdó tó bá ti rọ, ológbà gbọ́dọ̀ gé e kúrò. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, á di èso, igi á sì gbà pé iṣẹ́ òun ti parí lọ́dún náà. Gígé tí wọ́n ń gé e ló ń mú kó máa gbìyànjú sí i. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ máa rí wọn pẹ̀lú àlùmọ́gàjí lọ́wọ́, ìlà dé ìlà, lójoojúmọ́. Ó tún ku ọ̀rọ̀ ìdí igi. Ọ̀pọ̀ róòsì ni kì í dúró lórí gbòǹgbò ara rẹ̀, wọ́n lọ́ ọ sára róòsì igbó tó lágbára ni, bí wọ́n ṣe ń lọ́ ọsàn nílé. Bí ẹ̀ka kan bá yọ láti ìsàlẹ̀ ibi tí wọ́n lọ́ ọ, ti igbó nìyẹn, bí ológbà ò bá tètè fà á tu, á jẹ oúnjẹ èyí tó wà lókè títí á fi kú. Mo mọ àwọn tó ra róòsì sí ẹ̀yìnkùlé wọn ní London tí wọ́n ń sọ pé àwọ̀ rẹ̀ yí padà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Kò yí padà, òmíràn ló gba ilé.

Àrùn tó ń da róòsì láàmú jù níbẹ̀ ni èyí tó ń fi àmì dúdú sí ewé, tí ewé á pọ́n, tí á sì já bọ́. Irú ohun tó ń mú kí búrẹ́dì bu ló ń fà á, omi tó bá pẹ́ lórí ewé ló sì ń ràn án lọ́wọ́. Ẹ gbọ́ èyí o: nígbà tí gbogbo London ń dáná èédú, àrùn yìí kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú ìlú. Imí ọjọ́ tó wà nínú èéfín èédú ń pa á. Èéfín náà ń pa èèyàn pẹ̀lú, ni ìjọba bá ṣe òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ní 1956. Afẹ́fẹ́ mọ́, èèyàn ń mí dáadáa, àmì dúdú sì padà sára róòsì. Èmi ò rò pé ológbà kankan á ní kí wọ́n dá èéfín padà, àmọ́ iṣẹ́ tiwọn pọ̀ sí i lọ́jọ́ náà.

Gbogbo oṣù tí mo kà sílẹ̀ yìí, ẹ má fi wọ́n búra. Ìgbà ti ń yẹ̀. Ní 2022, Ulf Büntgen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Cambridge gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n kó àkọsílẹ̀ tó lé ní 400,000 jọ lórí ọjọ́ tí irú ewéko 406 kọ́kọ́ tanná ní Britain, àwọn kan nínú rẹ̀ ti wà láti 1753. Ohun tí wọ́n rí ni pé láàárín 1987 sí 2019, òdòdó ń fi nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ṣáájú ìgbà tó máa ń tanná kí ó tó di 1986. Oṣù kan gbáko ló kù díẹ̀ kó pé yẹn.

Ta ló ń kọ irú nǹkan báyìí sílẹ̀? Àwọn èèyàn tó ní sùúrù. Ọ̀kan nínú wọn yẹ kí àwa Yorùbá mọ̀ ọ́n, Nigel Hepper lorúkọ rẹ̀, Kew ló ti ṣiṣẹ́. Òun ló ṣe olóòtú ìdìpọ̀ kejì àti ìkẹta nínú àtúntẹ̀ Flora of West Tropical Africa, ìwé ńlá tó to ewéko apá ìwọ̀-oòrùn Afíríkà lẹ́sẹẹsẹ, tiwa náà wà níbẹ̀. Ọkùnrin yìí kan náà, láti 1946 tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, ló ti ń kọ ọjọ́ tí òdòdó ọgbà kọ́kọ́ là sílẹ̀, ní Leeds lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní Richmond tó múlé gbe Kew. Kò dáwọ́ dúró títí di 2002. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2003, ó sì kú ní 2013. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, ọjọ́ tí òdòdó là, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí kò bá sí irú wọn, ta ló máa mọ̀ pé nǹkan ti yẹ̀?

Ẹnìkan lè ní, bí òdòdó bá tètè yọ, kí ló burú níbẹ̀? Ohun tó burú ni pé ooru ń tètè dé, àmọ́ yìnyín kò tíì gbàgbé ọ̀nà. Magnolia tó bá là ní kùtùkùtù lè di àwọ̀ ilẹ̀ ní òru ọjọ́ kan ṣoṣo. Bó bá jẹ́ igi ápù ni, owó àgbẹ̀ ti lọ. Kòkòrò tó sì yẹ kó wá jẹ nínú òdòdó lè má tíì jí nígbà tí òdòdó dé, tàbí kó jí nígbà tó ti lọ. Bẹ́ẹ̀ ni igi tó ń ka òtútù, bí òtútù ò bá tó mọ́, á dà bí ẹni tí kò sùn dáadáa: òdòdó á máa là ségesège.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje 2022, ooru lé ní ìwọ̀n 40 ní Kew, irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí ní Britain. Ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún náà pa igi tó lé ní 400 nínú ọgbà náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́ nípa ìjì 1987 tó wó nǹkan bí 700 igi níbẹ̀ lóru ọjọ́ kan mọ̀ pé ìyẹn wọ ìwé ìtàn. Ọ̀gbẹlẹ̀ kì í pariwo báyẹn. Ní báyìí, wọ́n ti ń wá irú igi tó ń hù ní ilẹ̀ tó gbóná tó sì gbẹ ju London lọ, láti gbìn sípò àwọn tó ń kú. Gbòǹgbò róòsì ń lọ jìn nílẹ̀, kò rọrùn fún ọ̀gbẹlẹ̀ láti pa á, ṣùgbọ́n òdòdó tó yẹ kó lo ọ̀sẹ̀ kan lórí igi lè gbẹ ní ọjọ́ méjì.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ lọ sórí ìkànnì Kew, wọ́n máa ń sọ òdòdó tó ń tanná lọ́wọ́. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó máa ń dínwó ju èyí tí wọ́n ń rà lẹ́nu géètì. Ẹni tó bá ń gba Universal Credit tàbí Pension Credit, láti 2022 ni Kew ti ní tíkẹ́ẹ̀tì £1 fún irú wọn, ẹ mú ẹ̀rí dání. Ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa ló lẹ́tọ̀ọ́ sí i tí wọn ò gbọ́ rí. District line ni kẹ́ ẹ wọ̀, ẹ sọ̀ ní Kew Gardens, ìrìn bí ìṣẹ́jú márùn-ún ló kù dé Victoria Gate.

Fún róòsì, ẹ débẹ̀ láàárọ̀, kí oòrùn tó gbé òórùn rẹ̀ lọ. Ẹni tí oṣù Kẹfà bá bọ́ mọ́ lọ́wọ́ ṣì lè rí ìtànná kejì ní ìparí oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹsàn-án, kò ní pọ̀ tó ti àkọ́kọ́, àmọ́ èrò náà kò ní pọ̀. Ní oṣù Kẹwàá, ẹ wo àwọn róòsì tó sún mọ́ ti igbó, tí wọ́n jẹ́ kó so. Èso pupa kéékèèké ló máa wà lórí wọn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí ọsàn ò lè wọ Britain dáadáa, irú èso yìí ni wọ́n ní kí àwọn ọmọdé máa já nínú igbó, wọ́n sì ń sè é ní omi dídùn fún àwọn ìkókó torí fítámì C tó wà nínú rẹ̀. Ti Kew, ẹ má já a o. Àwọn ẹyẹ ló ni ín.